Irin Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Agbọ́mágbàgbé

Gbììm. Bí ó ṣe ń dún nìyẹn, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìwúwo, ikùn èèyàn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ wọ̀ kí ó tó dé etí. Ahọ́n irin tó gùn jù lọ lára agídìgbo Láníhùn ọ̀rẹ́ mi ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn lójúkojú. Kánádà ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù márùn-ún, tí ọdẹ kò sì ní iṣẹ́ kankan ju kí ó máa wo ọ̀kẹ́rẹ́ láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nísàlẹ̀ ilé, á dún gbììm lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi náà á sì gbàgbé ṣíbí sẹ́nu. Ọmọ mi á ní, "Bàbá, kí ló dé?" Èmi á ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo ń pa fún un. Nǹkan wà, òun náà ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, nítorí ẹnì kan ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, n kò sì dá a lóhùn títí di àná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́tọ̀kun, ọmọ bíbí ìlú Ìdóko. Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, kò sí igbó tí mo bẹ̀rù. Mo ti bá ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tóóró, a jọ wo ara wa títí, òun ló yà fún mi. Mo ti gun igi sá fún ìkookò, mo gbé orí ẹ̀ka fún ọjọ́ méjì, mo sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín bí ẹni tó lọ kí àna rẹ̀. N kò ní fi iye ẹran tí mo pa dá yín lágara, n kò sì ní sọ ohun tí mo jẹ láàárọ̀. Ìrìnàjò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, èyí tí n kò ti gbé ẹran kankan bọ̀ wálé. Irin ni mo gbé bọ̀. Nígbà tí wọ́n gé e tán, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ.

Láníhùn ni káfíńtà tó mọ iṣẹ́ jù nílùú wa nígbà náà. Agídìgbo tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, àpótí pákó ni, ihò róbótó wà lójú rẹ̀, ahọ́n irin márùn-ún tò sórí ihò náà, ìka ni wọ́n sì fi ń ta á. Níbo ló ti rí irin? Inú giramọfóònù bàbá rẹ̀ tó ti bàjẹ́ ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ nǹkan tí mò ń pè ní giramọfóònù: àpótí tó ń kọrin láìsí iná ni. Wọ́n á lọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni lọ́ aago, sípíríǹgì inú rẹ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, àwo orin á máa yí lábẹ́ abẹ́rẹ́. Láníhùn tú sípíríǹgì yẹn jáde, ó gé ahọ́n márùn-ún lára rẹ̀, ó sì sọ irin tó ti ń bá àwọn ẹlòmíràn kọrin di èyí tó ń kọ orin tirẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan bínú. Wọ́n ní irin òyìnbó kò lè sọ Yorùbá, pé ọmọ yìí kàn ń fi nǹkan ṣeré ni. Láníhùn kò bá wọn jiyàn. Ó jókòó síwájú wọn, ó fi agídìgbo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní oríkì baba wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ ara wọn lẹ́nu irin, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fojú sí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àìsàn kan kọ lu Láníhùn. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ lọ. Ara le, ẹsẹ̀ ń rìn, ojú ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu kò lè sọ ohun kan ṣoṣo. Agídìgbo wá di ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa a máa gòkè, a máa sọ̀ kalẹ̀. Ahọ́n irin náà mọ ìgòkè, ó mọ ìsọ̀kalẹ̀. Ó ń fi í tọrọ omi. Ó ń fi í bá ìyàwó rẹ̀ jà. Bí mo bá ń kọjá lọ ní ojúde, ó ń fi í pè mí ní ọ̀lẹ. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Àwẹ̀ró, àkọ́bí rẹ̀, lọ sílé ọkọ, ni ahọ́n tó gùn jù nínú márààrún, èyí tó ń sọ ohùn ìsàlẹ̀, ṣẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní Ìdóko, ọmọbìnrin kì í kúrò nílé láìjẹ́ pé ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá tó bí i, kí bàbá náà pè é lórúkọ, kí ó sì wúre fún un fúnra rẹ̀. Bí bàbá bá wà láàyè, àbúrò bàbá kò lè gbà á ṣe. Láníhùn kò sì lè pe Àwẹ̀ró mọ́. Ẹ pe orúkọ yẹn fúnra yín, ẹ ó rí i pé ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi irin agboòrùn dípò ahọ́n tó ṣẹ́, ó ń ké tín-ín bí ẹ̀fọn. Ó fi irin ayùn dípò rẹ̀, ó dún bí ẹni ń wú ikọ́. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dẹtí, bàbá rẹ̀ ń gbìyànjú, orúkọ náà kò jáde.

"Ọkọ mi," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí fún mi, nítorí ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹni kì í pe èèyàn lórúkọ lọ́dọ̀ wa, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kò sí igbó tẹ́ ẹ ò wọ̀, ṣé ẹ ò wá lè wọ igbó tí irin wà?"

"Igbó wo ni irin ti ń hù?"

"Igbó Àpatì. Wọ́n ní òyìnbó onígẹdú kan fi giramọfóònù rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà ogun Hítílà. Wọ́n ní ó ṣì ń dún."

"Ẹni tó ń lọ́ ọ tó fi ń dún ńkọ́?"

"Ìyẹn lẹ máa lọ wò. Àbí àwọn ẹran tó ń sá fún yín nìkan lẹ lè dojú kọ?"

Láníhùn mi orí. Ó fa agídìgbo mọ́ra, ó ta ahọ́n mẹ́rin tó kù, ó ń bá mi sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Ogún ọdún tá a ti jọ ń ṣọ̀rẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Òun náà rí i lójú mi pé n kò gbọ́, ó sì rọra gbé àpótí náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. Mo dìde, mo lọ gbé àpò ọdẹ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo dé ẹnu Igbó Àpatì. Bí mo ti tẹ ẹsẹ̀ kan wọlé ni mo gbọ́ ìró ọwọ̀ lẹ́yìn mi, ṣàà, ṣàà. Mo yíjú padà. Ìyá arúgbó kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ ń gbá ipasẹ̀ mi dànù bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà, nítorí náà ó ní láti fi ọwọ̀ há abíyá kí ó tó nawọ́ sókè wò mí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ipasẹ̀ mi lẹ ń gbá lọ yẹn."

"Mo mọ̀. Ìwọ lo wá dọ̀tí sílẹ̀ mi."

"Báwo ni n ó ṣe wá mọ ọ̀nà ilé?"

"Gbogbo ẹni tó wọlé ló bi mí bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Kò tíì sí ẹni tó padà wá gbọ́ èsì."

Mo yọ iyọ̀ díẹ̀ láti inú àpò mi, mo bù ú fún un. Ó lá a, ó pa ọwọ́ dé, èyí tó jẹ́ pé ìdijú ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, adùn náà sì wọ̀ ọ́ lára. "Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni ó ní. "Gbọ́, ipasẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ mi. N kò ní ọwọ̀ tí mo fi ń gbá ohùn." Ó yí padà, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. N kò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Inú mi dùn títí di òní pé mo dúpẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Mo rìn títí mo fi gbọ́ orin. Orin òyìnbó ni, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń fà, ó sì ní ibì kan tó ti máa ń ta kọsẹ̀ tí á tún padà sẹ́yìn. Mo yọ sí gbàgede kan tí irin onígẹdú ti dípẹtà sí káàkiri, tí igi ti hù gba inú wọn jáde. Akèrègbè rọ̀ sórí gbogbo igi ibẹ̀, ó tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdérí. Lábẹ́ wọn ni giramọfóònù náà wà, ẹni tó ń lọ́ ọ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ga tó ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó ń mì láìsí atẹ́gùn. Ẹnu rẹ̀ kéré bí ihò bọ́tìnnì. Nígbà tó la ẹnu ọ̀hún, ohùn obìnrin tó ń ṣẹ́gi ló jáde, "Ta nìyẹn o?" Kí n tó fèsì, ó fi ohùn òyìnbó tó ń fi imú sọ Yorùbá béèrè, "Kí lo wá ṣe níbí?" Ohùn ewúrẹ́ kan ló sì fi parí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo irun ara mi dìde láti wo ohun tí èmi ń wò. Kò ní ohùn tirẹ̀. Ohun tó ti gbọ́ rí lẹ́nu ẹni gbogbo ló ń fi sọ̀rọ̀.

"Agbọ́mágbàgbé ni orúkọ mi," ni ó wí ní ohùn ọmọdé kan. "Kí o tó jókòó, dá mi lóhùn. Kí ló ń wọ inú èèyàn láìkan ilẹ̀kùn, tó ń jáde láìdágbére, tí onílé kò sì mọ̀ pé òun ti gba àlejò?"

"Orin ni," ni mo wí. "Etí ló bá wọlé, ẹnu ló bá jáde. Ẹni tí ń ro oko á ṣáà rí i pé òun ti ń kọ ọ́."

Etí rẹ̀ mì, ó tọ́ka sí kùkùté kan fún mi. Mo sọ ohun tí mo wá fún un. Mo sọ ti Láníhùn, mo sọ ti Àwẹ̀ró àti ọjọ́ tó kù. Ó gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ bo giramọfóònù náà bí adìyẹ bo ọmọ.

"Bí o bá yọ ìfun rẹ̀, á kú," ni ó wí. "Ìbátan kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyí. Ohun tí wọ́n bá wí fún un ló ń wí, bíi tèmi. Ṣùgbọ́n n kì í lé àlejò láìfún un ní nǹkan. N ó ṣí igbá kan fún ọ. Bí o bá gbọ́ ọ tí o sì tún lè dìde, a ó jọ sọ̀rọ̀ irin."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ohun tí èmi Ọdẹ́rìndé kò ní lè dìde fún? Ó nawọ́ sókè, ó mú akèrègbè kan, ó ṣí i. Bàbá mi ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá mi Ọdẹ́tọ̀kun ti kú lọ́dún mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ yẹn. Òun náà ti ṣọdẹ dé igbó yìí nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ti sun ìjálá níbẹ̀, kò mọ̀ pé etí kan wà. Ohùn rẹ̀ ni, pẹ̀lú ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó mú ẹsẹ̀ tuntun. Mo jókòó. Ó kí ọ̀bọ, ó kí àgbọ̀nrín, ó kí igi ọ̀rọ̀ àti igi àràbà. Bó bá parí, Agbọ́mágbàgbé á tún ìdérí ṣí. Ara mi tù mí dé ibi tí n kò mọ ebi mọ́. Oòrùn ń là, oòrùn ń wọ̀, n kò ka èyíkéyìí sí. N kò mọ ìgbà tí ikán bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilé wọn gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Ilé ọ̀hún ti dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń lọ sí orúnkún.

Nígbà tí a dé orí ẹtu, bàbá mi sọ báyìí:

*Ẹtu olójú ẹgẹ́,*
*ó jẹ koríko òwúrọ̀ tán,*
*ó lọ sùn sórí òkúta.*

Ẹ dúró fún mi níbí. Ọdẹ tó bá wà láàárín yín ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹtu kì í sùn sórí òkúta. Abẹ́ ewé ló ń sùn sí. Bàbá mi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìjálá, bí ẹnì kan bá ṣì í sọ, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ já a lẹ́nu, kí ó ní irọ́ lo pa, kí ó sì tún un ṣe. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Á mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹtu sórí òkúta, á máa fi igun ojú wò mí. Bí mo bá já a lẹ́nu, á bú sẹ́rìn-ín, á ní òkúta tí òun ń wí ní ewé lórí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìjálá mìíràn nípa òkúta náà lójú ẹsẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, ká tó délé a ó ti ní ìjálá tuntun. Nítorí náà, láìronú, bí mo ti jókòó nínú ilé ikán, mo pe orúkọ rẹ̀ bí ìjálá ṣe gbà fún ọmọ, mo ní, "Irọ́ lo pa, Ọdẹ́tọ̀kun. Abẹ́ ewé ni ẹtu ń sùn sí."

Mo wá ń retí ẹ̀rín.

Ohùn náà ń bá tirẹ̀ lọ. Ó kí ìgalà, ó kí ẹfọ̀n. Kò gbọ́ mi. Omi bọ́ lójú mi, mo sì fa ẹsẹ̀ mi yọ nínú erùpẹ̀.

"Kí lo ṣe yẹn?" ni Agbọ́mágbàgbé bi mí.

"Mo já a lẹ́nu."

"Ẹnikẹ́ni kò já igbá mi lẹ́nu rí. Kí ló kù nínú rẹ̀? Ikọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jábọ́."

"Ó pé," ni mo wí, "mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ tí o bá mi tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi máa ń dáhùn. Èmi náà ní ìbéèrè fún ọ báyìí. Nínú gbogbo igbá tó wà lórí igi wọ̀nyí, èwo ni o kò ní?"

Ó ń lọ láti igi dé igi, ó ń ṣí, ó ń dé. Ohùn ẹyẹ, ohùn òjò, ohùn àwọn tó ti sọnù sínú igbó. "Gbogbo rẹ̀ ni mo ní," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"O kò ní èyí tí ohùn tìrẹ wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ẹfọ̀n tí wọ́n yìnbọn sí tí kò kú, n kò rí ìbínú bíi ti ọjọ́ yẹn. Gbogbo ohùn tó ní ló fi ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé ń já. Ó na apá sí mi, mo sá yí giramọfóònù náà po, ó ń lé mi, mo ń yí i po, èmi tí mo sọ fún yín pé n kò bẹ̀rù nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi kọ́ irin onígẹdú, mo ṣubú, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àwo orin náà mú níbi tó ti ń yí. Orin òyìnbó náà fà, wúùùùù, ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń já bọ́ sínú kànga. Mo fa ọwọ́ padà, ó tún gòkè, wíí. Nínú ìbẹ̀rù mo tún gbá a mú, mo tún fà á sẹ́yìn.

Agbọ́mágbàgbé dúró. Apá rẹ̀ ṣì wà lókè orí mi.

"N kò ní ìyẹn," ni ó wí. Ohùn obìnrin tó ń ṣẹ́gi ló fi wí i, jẹ́jẹ́. "Tún un ṣe."

"Fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka kan kan àwo náà bí ẹni kan omi gbígbóná. Ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ dún bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Ó tún un gbìyànjú. Ó rí ibi tí orin ti máa ń ta kọsẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ìkọsẹ̀ yẹn jó, ó ń fa obìnrin inú àwo náà títí ó fi di akọ màlúù, ó tún sọ ọ́ di ẹ̀fọn. Sípíríǹgì ti tú tán nígbà náà, kò lọ́ ọ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń yí i. Mo ṣe ohun tí ọdẹ máa ń ṣe. Mo ní, "Irọ́ lo pa. Bó o ṣe mú un lẹ́ẹ̀kan kọ́ nìyẹn." Ó wò mí. Ó tún un mú, kò sì mú un bí mo ṣe wí, kò mú un bó ṣe mú un tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kẹta ló gbà, ó fi dá mi lóhùn. Ni ó bá rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀rín náà tínrín, ó ń gbọ̀n, kò jọ ti obìnrin, kò jọ ti òyìnbó, kò jọ ti ewúrẹ́. Tirẹ̀ ni.

"Mú irin rẹ," ni ó fi ohùn tuntun yẹn wí. "Ọwọ́ mi ló ń yí ìbátan mi báyìí."

Mo fi ẹnu ọ̀bẹ tú ìdí àpótí náà. Mi ò mọ iṣẹ́ káfíńtà. Sípíríǹgì náà fò jáde lójijì bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú mi kọjá, ó sì la àtàǹpàkò mi. Àpá rẹ̀ nìyí tí mo fi di kálámù mú. Bí mo ti ń ká a sínú àpò, Agbọ́mágbàgbé ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń béèrè: "Ọ̀rọ̀ kìíní tí irin yìí bá sọ nílé ọ̀rẹ́ rẹ, gbé e wá kí n gbọ́." Mo ṣèlérí. Mo fi irin náà kan eyín, mo fi búra.

Ó ku ọ̀nà ilé. Kò sí ipasẹ̀ mi kankan lórí ilẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí ojúde ọba. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Ìyá agbálẹ̀ tó lá iyọ̀ yé mi. Agbọ́mágbàgbé ti padà sídìí àwo rẹ̀, ó ń fà á, ó ń tì í. Mo kọ ẹ̀yìn sí ìró náà, mo sì ń rìn kí ó lè máa wà láàárín èjìká mi méjèèjì. Bó bá lọ sí ọ̀tún, n ó yí. Bó bá lọ sí òsì, n ó yí. Bí mo ṣe jáde nìyẹn. Nígbà tí mo délé, ọjọ́ kẹjọ ti pé.

Láníhùn gba àpò lọ́wọ́ mi. Ó wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára irin náà, ó gé e, ó ti etí rẹ̀ bọ ẹyin iná, ó fi òòlù nà án, ó fi fáìlì irin ha á, ó ń gbé e sétí láàárín ìgbà díẹ̀ bí ẹni gbọ́ àṣírí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé rikọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì kékeré kan dání, ó tẹ̀ ẹ́ kó gba ohùn sílẹ̀. Láníhùn na ìka.

Gbììm, gbììm, tín.

À-wẹ̀-ró. Ọmọ náà ní, "Bàbá," ó sì dojú bolẹ̀. Láníhùn wúre fún un títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sí ẹni tí kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmín wa sì ń tẹ̀lé e. Ìyá Àwẹ̀ró wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, "Ọkọ mi, àwọn ẹran tó ń sá fún yín gọ̀." Oyin ni ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi títí di òní.

Ṣùgbọ́n n kò padà sí Igbó Àpatì. Mo wí pé ìkórè ló dá mi dúró, mo wí pé iṣẹ́ gbé mi lọ sí Sàpẹ́lẹ̀, ọmọ sì wá gbé mi dé òkèèrè níhìn-ín. Ojú ọ̀tọ̀ ni òótọ́ ní. Igbá bàbá mi ni mo bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún gbọ́ ọ, mo lè má já a lẹ́nu. Láníhùn kú, agídìgbo rẹ̀ jó nínú ilé tó jó, ìlérí mi sì wà níbi tí mo fi í sí.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni Fadérera, ọmọ Àwẹ̀ró, fi orin kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó rí kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀, ó ti í sínú kọ̀ǹpútà, ó gé e, ó nà án, ó yí i padà. Ó kọ̀wé pé, "Bàbá Ọdẹ, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ mọ irin yẹn. Àwọn kan nílé ní kọ̀ǹpútà ló kọ orin yìí, pé èmi kọ́. Àwọn mìíràn ní mo ti ba ohùn bàbá àgbà jẹ́. Ẹ̀yin, kí lẹ gbọ́?" Mo tẹ̀ ẹ́ kó dún. Gbììm, gbììm, tín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí erùpẹ̀ tó ń gun ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo sì pa á. Mo ń pa á bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Ní àná ni mo jẹ́ kí ó dún dópin. Lẹ́yìn tí agídìgbo pe Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn ọmọbìnrin kan wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín: "Irọ́ lẹ pa, bàbá àgbà. Èmi kọ́ ni Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ ni mí." Agídìgbo náà dúró. Lẹ́yìn náà, nínú àwọn ẹ̀là tó ti gé láti ara ahọ́n wọ̀nyẹn, ó pe Fadérera, orúkọ tí Láníhùn kò gbọ́ rí láyé rẹ̀. Mo sọ ṣíbí sílẹ̀. Ọmọ mi ní, "Bàbá, kí ló dé?" Mo ní kí ó bá mi gbé fóònù náà sún mọ́ mi, mo sì kọ èyí ránṣẹ́:

"Fadérera, ọmọ Àwẹ̀ró, mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ ló yí i. O ṣeun tí o já a lẹ́nu. Bá mi gbé orin náà lọ sí etí Igbó Àpatì lọ́sàn-án gangan, mú iyọ̀ dání fún ìyá kan níbẹ̀, kí o sì tẹ̀ ẹ́ kó dún sókè. Sọ fún Agbọ́mágbàgbé pé Ọdẹ́rìndé ló rán ọ, pé ọ̀rọ̀ kìíní irin náà nìyí, pé ó pẹ́ lójú ọ̀nà, kó má bínú. Bí o bá gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan tó ní ẹtu ń sùn sórí òkúta, bàbá mi ni. Má ṣe jókòó. Sọ fún un pé irọ́ ló pa, kí o sì dúró díẹ̀, bóyá yóò rẹ́rìn-ín."